Ṣẹ́ẹ̀dì Kì í Ṣe Bọ́ìsì Kọ́tà

Ọmọ Yorùbá tó bá ra ilé sí Peckham ní London, tó sì rí àyè lẹ́yìnkùlé, kì í pẹ́ kó tó máa ro ohun tó lè kọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni bọ́ìsì kọ́tà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ní Èkó àti Ìbàdàn, ènìyàn ló ń gbé bọ́ìsì kọ́tà: ó ní yàrá, ó ní ilé ìdáná, ó ní balùwẹ̀, wọ́n sì ń gbowó ilé lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (Scotland àti Wales ní tiwọn) fún onílé láyè láti kọ́ ilé kékeré, irú bíi ṣẹ́ẹ̀dì, sẹ́yìnkùlé láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ káńsù, àmọ́ kì í ṣe ilé gbígbé ló ní lọ́kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ òfin náà sí Yorùbá kò ní ṣaláìrí ọ̀rọ̀ fún ilé kékeré yìí. Àtíbàbà wà, ahéré wà, abà wà, àká wà. Ṣùgbọ́n àtíbàbà ni èyí tí wọ́n ń ta fún ọlọ́jà tàbí fún ìnáwó, tí wọ́n lè tú palẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ahéré àti abà, ti oko ni. Irè oko ni wọ́n sì ń kó sínú àká. Òfin kò bèèrè oko tàbí ìlú. Ibi tí ilé wà, bó ṣe ga tó àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ló ń bèèrè. “Ilé ẹ̀yìnkùlé” ló bá a mu jù, ó sì ń ránni létí pé kò gbọdọ̀ yọ síwájú ògiri iwájú ilé ńlá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ birikilà àti káfíńtà kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ti àwọn wọ̀nyí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ lè di ọ̀fìn. Ẹ wo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Òfin ní etí òrùlé kò gbọdọ̀ ga ju mítà 2.5 lọ, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí olùtumọ̀ lọ́kàn. Omi tó ń ṣàn láti etí páànù ni ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, etí páànù sì máa ń yọ kọjá ògiri, ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Àlàyé tí ìjọba ṣe sórí òfin kò ka etí tó yọ yẹn, kò ka gọ́tà. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n dé ibi tí ògiri ìbá ti kan ojú òrùlé lóde, tí a bá fà á gòkè. Káfíńtà tó bá wọn mítà 2.5 dé ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ lè kọ́ ilé tó ga ju òfin lọ láìmọ̀. “Ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé” gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ti ṣóńṣó òkè rọrùn. Òrùlé tó dà síhìn-ín, tó dà sọ́hùn-ún, kò gbọdọ̀ kọjá mítà 4. Irú mìíràn, mítà 3. Bí ilé náà kò bá sì jìnnà tó mítà 2 sí ààlà, mítà 2.5 ni gbogbo rẹ̀ mọ.

Òfin tún ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ kún ilé kò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé náà ká. Ilé wo? Ilé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ́ ọ, tàbí bó ṣe wà ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1948, ọjọ́ tí òfin ètò ìlú ti 1947 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí a bá pè é ní “ilé ìpìlẹ̀”, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ni birikilà yóò gbọ́. “Ojúlówó ilé” yóò dà bíi pé ayédèrú kan wà níbì kan. “Ilé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ́ ọ” ló yè kooro: onílé á mọ̀ pé yàrá tí ẹni tó ta ilé fún un fi kún un ti jẹ nínú ìdajì náà.

Èyí tó le jù ni ìlò. Òfin ní ìlò ilé ẹ̀yìnkùlé gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ìgbádùn ilé ńlá. Ó dárúkọ adìẹ, oyin àti ẹran tí ará ilé ń sìn fún ara wọn. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi ìkó-irinṣẹ́-sí náà wọlé. Yàrá ìsùn, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná kò wọlé. Ìyẹn ni pé adìẹ lè sùn mọ́jú níbẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà tó wá láti Ìjẹ̀bú kò lè sọ ibẹ̀ di ibùgbé láìgba àṣẹ. Olùtumọ̀ tó bá kọ “ilé tó wúlò fún ilé ńlá” ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, torí yàrá ìsùn wúlò. “Ìlò àfikún” sún mọ́ ọn, bí àlàyé bá tẹ̀lé e: ohun tí ilé lè ṣe aláìní, kó sì ṣì jẹ́ ilé tó pé.

Káńsù kì í fi èyí ṣeré. Ní 2013, káńsù Slough, ní ìwọ̀-oòrùn London, ní kí bàlúù tó ní kámẹ́rà tó ń rí ooru fò kọjá lórí ìlú, kí wọ́n lè mọ ilé ẹ̀yìnkùlé tí ènìyàn ń gbé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. “Pẹ́mìtì” ni ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyọ̀ǹda gbogboogbò ni ìjọba ti fún àwọn onílé nínú òfin tí à ń sọ yìí, ti 2015. A kì í tọrọ rẹ̀, ẹni tó ń gbé fúláàtì kò sì ní in. Bí a bá pè é ní “ìkọ́lé aláìbèèrè”, yóò dún bíi pé kò ní ìwọ̀n. Àṣẹ ìkọ́lé ni èyí tí onílé ń tọrọ lọ́wọ́ káńsù tí ohun tó fẹ́ kọ́ bá ré kọjá ìyọ̀ǹda yẹn. Ìlànà ìmọlé ń wo ewu iná àti agbára ilé. Ilé tí ilẹ̀ inú rẹ̀ kò tó mítà onígun mẹ́rin 15, tí ènìyàn kì í sùn sí, máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó kù kì í tilẹ̀ ṣe àṣẹ: ìwé ẹ̀rí ìbófinmu ni, tí káńsù ń fún onílé láti fi hàn pé ohun tó kọ́ kò ré ìyọ̀ǹda gbogboogbò kọjá. Bó bá fẹ́ ta ilé, lọ́yà ẹni tó ń rà á lè bèèrè rẹ̀.