Orí Gíà: Ohun Kékeré Tí Dírẹ́bà Fi Ń Sọ Mọ́tò Olówó Di Tirẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn kọ ìtàn mọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lé lórí, tàbí títì, tàbí àwọn olówó tó kọ́kọ́ ra mọ́tò. Èmi fẹ́ kọ ìtàn ohun kan tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ, ìyẹn orí ọ̀pá gíà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní kí ló kàn mí kàn án. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Múṣin lọ sí Yábàá, tó ń dúró, tó ń gbéra, tó tún ń dúró, bí a bá yọ sítíárìn kúrò, kò sí ibòmíràn tí ọwọ́ dírẹ́bà ń wà láti ìdájí di òru bí ibẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá ń fọwọ́ kàn tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàì ní ìtàn.

Amẹ́ríkà ni ẹ̀ṣọ́ orí gíà ti lókìkí jù lọ, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, àwọn ọ̀dọ́ ní gúúsù California máa ń ra ògbólógbòó mọ́tò Ford, wọ́n á tú gbogbo ohun tó ń mú un wúwo dànù, wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè sáré, wọ́n á sì gbé e lọ fi bára wọn díje lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ, bíi ti Muroc. Hot rod ni wọ́n ń pe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọdún 1932 ni Ford gbé ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ jáde, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ náà yàn láàyò, nítorí ó lágbára, owó rẹ̀ kò sì ga jù. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun padà wálé pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́wọ́ àti ìmọ̀ iṣẹ́ irin, eré náà sì gbilẹ̀. Ìwé ìròyìn Hot Rod bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1948. Ní 1951, wọ́n dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ kí ìdíje náà lè kúrò lójú títì, níbi tó ti ń pa ènìyàn.

Ọ̀pá gíà àwọn Ford wọ̀nyẹn gùn. Láti ilẹ̀ mọ́tò ló ti yọ, orí rẹ̀ sì jẹ́ ohun dúdú roboto lásán tí a yí wọ̀ ọ́ bí ìdérí ìgò. Ẹni tí kò lówó láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lè pààrọ̀ ìyẹn. Wọ́n á mú bọ́ọ̀lù dúdú bílíádì, èyí tí a kọ 8 sí lára, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á yí i mọ́ orí ọ̀pá. Agbárí òkú tí a fi irin tàbí ike rọ ni àwọn mìíràn fẹ́. Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí àṣà náà nítumọ̀: ní nǹkan bí 1939 sí 1940, àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá gíà kúrò nílẹ̀ lọ sí abẹ́ sítíárìn. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́ tí ọ̀pá gíà rẹ̀ bá ṣì yọ láti ilẹ̀, tó sì fi agbárí dé e lórí, ti wí fún gbogbo ayé pé mọ́tò òun kì í ṣe mọ́tò bàbá òun.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ló ni mọ́tò wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tiwa àti tiwọn ti pínyà.

Ní tiwa, bọ́lẹ̀kájà ló ṣáájú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń kó ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ mọ́tò wá, Bedford àti Austin, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa á sì fi pákó kan ara sí i. Èrò á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á dojú kọ ara wọn, orúkún á máa gbá orúkún. Bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí orúkọ mọ́tò náà ń sọ. Lórí pákó iwájú, lókè orí dírẹ́bà, ni ẹni tó ń kọ lẹ́tà yóò ti kọ ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú ọ̀dà: «Ìyá ni wúrà», «Sùúrù lérè», «No Condition Is Permanent». Ẹni tó fi owó ra mọ́tò ló sábà máa ń yan ọ̀rọ̀ náà. Dírẹ́bà kàn ń wa ọ̀rọ̀ olówó kiri ni.

Bàbá bàbá mi wa bọ́lẹ̀kájà láti Múṣin sí Ìbàdàn. Bedford ni. Ó sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òun, ooru rẹ̀ á sì gba ara ọ̀pá gíà gòkè, tí yóò fi di ọ̀sán, orí gíà ti gbóná bí ìdérí ìkòkò. Ó bá gba awọ ewúrẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ onísọ̀nà kan, ó fi wé e, ó rán an pa. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀, kí ọwọ́ má bàa bó ni. Lẹ́yìn náà ló wá rán owó ẹyọ kan mọ́ ọn, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ti wí, «ó ti ń dà bí orí ènìyàn, kò sì yẹ kí orí wà lófo.» Mo rò pé báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ìnira ló kọ́kọ́ pè é, ẹwà á wá gba ipò rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni bàbá àgbà fi ń yí gíà nígbà yẹn. Títí di 1972, ọwọ́ òsì títì ni a ń gbà ní Nàìjíríà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀, ìjókòó dírẹ́bà sì wà lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ń gbà, àwọn tí Faransé jọba lé lórí rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, gbogbo Nàìjíríà ṣí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ghana náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà léèrè, ọ̀rọ̀ ìkọlù àti ẹ̀rù ni wọ́n máa ń sọ. Bàbá àgbà nìkan ni mo gbọ́ tó sọ ti ọwọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì kí àgbà, a kì í fi gba owó, a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni. «Síbẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ mi fún ọdún mẹ́jọ,» ló wí fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra mọ́tò tí ìjókòó dírẹ́bà rẹ̀ wà lápá òsì, gíà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Fún bí oṣù kan, bó bá fẹ́ yí gíà, ilẹ̀kùn ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbá. Awọ ewúrẹ́ yẹn kọ́, ó tú u kúrò lórí Bedford kí wọ́n tó tà á, ó sì rán an mọ́ ti tuntun.

Mólùè tó gba ìgboro lẹ́yìn náà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ lọ́rì Mercedes 911 ni àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń jó irin ti kan ọ̀pọ̀ nínú wọn; Fẹlá sì ti kọrin nípa bí èrò ṣe ń há nínú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ nínú àwo «Shuffering and Shmiling» ní 1978. Dánfó ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ó ń to mọ́tò tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Àwọn mọkáníìkì tó mọ Volkswagen wá pọ̀ ní Èkó bí iyanrìn, bọ́ọ̀sì Volkswagen sì rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì yìí, ẹ̀yìn ló wà. Nítorí náà, irin tó so ọ̀pá gíà pọ̀ mọ́ àpótí gíà ní láti gba abẹ́ gbogbo èrò kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí rọ́bà tó wà lójú oríkèé rẹ̀ bá jẹ, ọ̀pá gíà á máa mì bí eyín àgbà, dírẹ́bà á sì máa wá gíà kejì bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ẹni méjì ni wọ́n ń kó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹni tó bá wà láàárín, orúkún rẹ̀ ni orí gíà ń kàn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ gíà kejì tàbí ìkẹrin. Bí mo ṣe mọ orí gíà tó báyìí nìyẹn, nítorí èmi ni mo kéré jù nílé wa, àárín sì ni ipò mi.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé lórí ara mọ́tò wa. Ní 1988, Ọlátúndé Báyọ̀ Láwuyì tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Africa lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ tasín Yorùbá ń kọ sára mọ́tò. Ní 2008, Dámọ́lá Òṣínúlù kọ tirẹ̀ nínú African Arts, lórí àwọn akunmọ́tò, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń sọ lọ́rì di mólùè. Mo gbà fún wọn. Àmọ́ lójú tèmi, òde ni ti olówó, inú ni ti dírẹ́bà. Tẹ̀súbáà tàbí àgbélébùú tó rọ̀ mọ́ dígí, fọ́tò ọmọ tí a lẹ̀ mọ́ iwájú, ońdè tó wà lábẹ́ ìjókòó, àti orí gíà: gbogbo ìwọ̀nyí ló ń bá dírẹ́bà lọ bí iṣẹ́ bá parí.

Àbúrò ìyá mi ti wa bọ́ọ̀sì mẹ́ta fún olówó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí gíà kan ṣoṣo ló ní. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Àlákàrà ló fi igi àpá gbẹ́ ẹ fún un, ó rí roboto, ojú kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀. (Wọ́n ní ojú kejì ló fi ń wo títì.) Ihò tí a lu sí i kò bá ọ̀pá gbogbo mọ́tò mu, nítorí náà ó máa ń fi rọ́bà táyà wé ẹnu ọ̀pá kó tó yí i wọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ni bọ́ọ̀sì kẹta wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdájí nítorí owó ọjọ́ mẹ́ta tí kò pé. Kò jẹ́ kó ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n yìí kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ní kó jẹ́ kóun yọ ohun òun. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń yí orí gíà náà láyìídàyídà títí ó fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Owó tó ti fi tún bọ́ọ̀sì yẹn ṣe kò ṣe é yọ. Èyí nìkan ló ṣe é yọ.

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni mo ti rí onírúurú orí gíà jù lọ. Àwọn kan mọ́ gaara bí omi, àkekèé wà nínú wọn. Àwọn kan rí bí agbárí, àwọn kan ní àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, tí iye náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlòkù láti òkè òkun ló kún ìgboro, a sì fún un lórúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun, Tòkunbọ̀. Ẹ̀yà ara àlòkù náà kún Ládípọ̀, orí gíà sì wà lára wọn.

Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Bí orí gíà bá ti ara mọ́tò tó forí gbá wá, ta ló di í mú kẹ́yìn? Àbúrò ìyá mi lè ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, ó lè ra táyà, ṣùgbọ́n kò ní ra orí gíà àlòkù láéláé. Ó ní ọwọ́ olóògbé lè ṣì wà lórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a ka eré «The Road» tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1965, tí ó dá lórí àwọn awakọ̀, àwọn èrò gáréèjì àti Ògún. Nínú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tó ní jàǹbá. Mo wá rí i pé ìbéèrè àbúrò ìyá mi ti pẹ́ láyé jù ú lọ. Ṣóyínká yìí kan náà ló di alága àkọ́kọ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 1988.

Ní oṣù Kejì 2017, gómìnà Èkó ìgbà náà, Akinwùmí Ambọ̀dé, kéde pé dánfó yóò kúrò lójú títì. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń rìn láti 2008, wọ́n sì ti ṣí ọkọ̀ ojú irin pupa tó ń gba Múṣin àti Yábàá kọjá ní 2024. Mo ti wọ̀ ọ́, ó yá, ó tutù, n kò sì rí ọwọ́ ẹni tó ń wà á. Àwọn mọ́tò kékeré tí wọ́n ń kó wọlé nísinsìnyí, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ń yí gíà fúnra rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ládípọ̀ bóyá a lè yí bọ́ọ̀lù onígi wọ irú ọ̀pá gíà bẹ́ẹ̀. Ó fi han mí pé bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè kúrò lójú kan, wáyà bọ́tìnnì náà sì gba inú ọ̀pá lọ sísàlẹ̀. Bí a bá yọ orí rẹ̀, mọ́tò kò ní lọ. Ó ní kòròpé nìkan ni wọ́n ṣì ń bá òun ra orí gíà fún, àti àwọn dánfó.