Ẹnu Ọ̀nà Ara Awọ Sẹ́ẹ̀lì: Bí Ẹ̀rí Ṣe Ṣáájú Ìfojúrí

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a máa ya ẹnu ọ̀nà tí áyọ́ọ̀nù ń gbà la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá sí ojú pátákó, bí ẹni pé ojú ni wọ́n fi kọ́kọ́ rí i. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley ṣe ìwádìí lórí squid, ẹran inú òkun tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ tóbi tó láti ki wáyà bọ̀. Ogun dá iṣẹ́ náà dúró ní 1939. Ní 1952 ni wọ́n tó gbé àlàyé kíkún jáde. Bí agbára iná ara awọ bá yí padà, ọ̀nà sódíọ̀mù a ṣí, sódíọ̀mù a sì ya wọlé. Láìpẹ́, ọ̀nà yẹn a tì, ti pọtásíọ̀mù a ṣí, pọtásíọ̀mù a sì jáde, kí awọ tó padà sípò. Ìdíwọ̀n àti ìṣirò ni ẹ̀rí wọn.

Ní 1976, Erwin Neher àti Bert Sakmann ní Jámánì fi ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ wọn iná tí ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá lára iṣan àkèré: bí ó ti ń ṣí ni ó ń tì. Ní 1998 ni Roderick MacKinnon ní Amẹ́ríkà fi ìtànṣán X fi ìrísí ọ̀nà pọtásíọ̀mù kan hàn, láti ara bakitéríà.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fi àwòrán nìkan kọ́ni ti fo ọdún 46 tí ẹ̀rí fi ń kóra jọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ohun tí wọ́n rí, ó yẹ kí ó mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.