Ìtàn Súwíìṣì, Láti Newcastle Dé Ọjà Ẹ̀pẹ́

Ogún apẹ̀rẹ̀ ẹja ni wọ́n gbé jáde nínú ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ ẹ̀rọ ìkàyè tí mo ṣe fún Màmá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kọ 31. Bọ́tìnì kan ni wọ́n ń tẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá. Ọkùnrin tó kó ẹja wá ní ẹ̀rọ kì í parọ́, kí wọ́n sanwó apẹ̀rẹ̀ 31. Èkùrọ́ ló gbà wá. Màmá Ẹ̀pẹ́ kò fọkàn tán ẹ̀rọ mi, wọ́n ti ń ju èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ bí ìyá tiwọn ti máa ń ṣe. A kà á níwájú gbogbo èèyàn: ogún géérégé.

Ojú ń tì mí títí mo fi dé Ìkòròdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí súwíìṣì.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1884, ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Henry Holmes ṣe súwíìṣì tó ń fi sípíríǹgì já iná lójijì. Bí ènìyàn bá rọra pa iná, mànàmáná á máa ṣẹ́ pàràpàrà láàárín irin méjèèjì, á sì jó wọn. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 1896, iná mànàmáná dé Èkó.

Bí irin ṣe ń pínyà ni Holmes yanjú. Bí wọ́n ṣe ń pàdé tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí irin bá kan irin, kì í dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ó ń ta bí bọ́ọ̀lù tó jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ló sábà máa ń gbà, ìyẹn ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Gílóòbù kò mọ̀, ojú wa kò rí i. Níbi tí iná bá ti lágbára, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, ní agbègbè Ìkòròdú wa níbí. Láti 1985 ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ní, 220 mẹ́gáwáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí irin súwíìṣì bá ń ta lórí iná ńlá, ó lè jó, ó tilẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra pátápátá.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ Bell Telephone Laboratories fi makúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ra ojú irin inú súwíìṣì. Bí irin bá tilẹ̀ ta, makúrì kò ní jẹ́ kí wọ́n jára. Èyí ló wù mí jù, àmọ́ májèlé ni makúrì. Ta ló máa gbé e lọ sí ọjà ẹja?

Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo lò, yára ju ojú lọ. Gbogbo títa yẹn ló ń rí, tó sì ń kà. Mo tẹ bọ́tìnì nígbà 100, ó kọ 138. Mo pàṣẹ fún un pé tó bá ti ka ẹyọ kan, kó dijú fún 20 mílísẹ́kọ́ńdì. Ó kọ 104. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá mẹ́rin yẹn. Àṣé bí mo bá ń gbé ìka kúrò, irin tún ń ta! Mo wá ní kó má gba ohunkóhun gbọ́, ì báà jẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́ tàbí mo fi í sílẹ̀, àfi tó bá dúró ṣinṣin fún 20 mílísẹ́kọ́ńdì. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà 100, ó kọ 100. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tún un ṣe kí n tó gbà.

Mo gbé e padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Apẹ̀rẹ̀ 26 ló wọlé, ẹ̀rọ kọ 26. Màmá Ẹ̀pẹ́ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì da èkùrọ́ jáde láti kà á.