Ẹni Tó San Owó Orí Ló Ni Ìbéèrè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí kan ọ̀rọ̀ ìjọba gidigidi. Àwọn ọmọ wa máa ń ti ilé-ìwé dé níhìn-ín, wọn a ní ilẹ̀ Gíríìsì ni ìjọba tiwa-n-tiwa ti ṣẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe ní Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1946 sí 1949.

Kí òyìnbó tó gba ìjọba, Aláké kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Ògbóni ní ìpín tiwọn, àwọn Ológun ní tiwọn, àwọn Pàràkòyí ní tiwọn. Àwọn obìnrin náà ní Ìyálóde. Madam Tinúubú ni a fi oyè náà dá lọ́lá lẹ́yìn ipa tó kó nínú ogun Dahomey ọdún 1864. Nígbà tí òmìnira Ẹ̀gbá bọ́ ní 1914, nǹkan yí padà. Ìjọba òyìnbó sọ ọba di aláṣẹ kan ṣoṣo. Ajẹ́lẹ̀ ni ọba ń jíhìn fún, kì í ṣe àwọn ará ìlú mọ́.

Ní 1918 ni owó orí dé, ọdún yẹn náà sì ni Ogun Adùbí jà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, obìnrin kì í san owó orí. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń san án ní orúkọ ara wọn, láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti pé ọdún 15. Àwọn obìnrin sọ pé àwọn agbowó-orí a máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

Olùkọ́ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ń darí. Ní 1944 ni àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀wé ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn ìyá wọ̀nyí ń rí. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Abẹ́òkúta Women's Union, ẹgbẹ́ tolówó-tòtòṣì.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló wú èmi lórí jù, nítorí iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ààfin, wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò owó láti yẹ ìwé ìjọba Aláké wò. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ léraléra. Wọ́n ní kí a mú owó orí obìnrin kúrò, kí a gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nílùú dípò rẹ̀, kí àṣẹ má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n mọ iye tó wọlé, wọ́n sì mọ ibi tí owó mìíràn ti lè wá. Ẹni tó bá mọ èyí kì í ṣe alárìíwísí lásán.

Ní 1947 kan náà, Ransome-Kuti wá sí London pẹ̀lú ikọ̀ NCNC, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé ìjọba òyìnbó ló gba ipò àwọn obìnrin lọ́wọ́ wọn. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ààfin Aláké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Wọ́n tún padà lọ nínú oṣù kejìlá. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni.

Ní 1948, wọ́n mú owó orí obìnrin kúrò. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún náà, ó sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ tuntun, Ransome-Kuti wà lára wọn.

Kí a má purọ́: ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1950, Aláké padà sórí ìtẹ́. Lílé aláṣẹ kúrò kò tó. Iṣẹ́ gidi ni kí ará ìlú máa bójú tó ìwé ìṣirò lọ́dọọdún, yálà ọba burúkú ló jẹ tàbí ọba rere.

Èyí kan àwa tí a wà ní England pẹ̀lú. A ń san owó council tax, a ń kùn nípa rẹ̀ níbi òkú àti ìkómọjáde. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2014 fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọọdún láti lọ yẹ ìwé ìṣirò káńsù wò, ẹni tó bá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀ lè bi ayẹ̀wé-owó wò léèrè ọ̀rọ̀. Mélòó nínú wa ló ti lọ rí? Àwọn ìyá wa tó ń kọ́ A, B, D lẹ́yìn ọjà béèrè ìwé náà nígbà tí òfin kò fún wọn láyè. Àwa tí òfin fún láyè, kí ni àwáwí wa?