Ṣé Ìdílé Nìkan Ló Ń Fa Ẹ̀jẹ̀ Ríru?

Ọ̀pọ̀ yín ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ìdílé wa ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti wá." Ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lára àgbàlagbà ní Ìbàdàn, Igbó-Ọrà, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Caribbean, àti Maywood ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n. Òwò ẹrú ló kó babańlá àwọn tòkè òkun lọ. Èsì jáde ní 1997: lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, 16 nínú 100 ló ní in, ní Caribbean, 26, ní Amẹ́ríkà, 33. Ibi tí ìsanrajù àti iyọ̀ ti pọ̀ ni àìsàn náà ti pọ̀.

Àwa náà ńkọ́? Márúwá ni dé ìdí ṣọ́ọ̀bù, ìjókòó dalẹ́, mágí lórí iyọ̀.

Ẹ dín iyọ̀ àti mágí kù. Ẹ fẹsẹ̀ rìn fún 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, nítorí kì í pariwo kó tó dáni wólẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.