Kòkòrò Orí Igi Ọgbà Nílẹ̀ Ẹ̀gbá: Ìtàn Orúkọ Wọn àti Ogun Tí A Bá Wọn Jà

Ẹni tó bá gba Òkè-Ìlewó ní Abẹ́òkúta kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè rí igi máńgòrò tí ewé rẹ̀ dúdú bíi pé wọ́n fi èédú pa á. Bi èèyàn mẹ́ta léèrè ohun tó ṣe é, ìdáhùn mẹ́ta ni wàá gbà: èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, àìsàn igi ni, ayé ló ń ṣe é. Ìwé tó yẹ kó parí àríyànjiyàn náà kò sí lójú kan. Wọ́n tẹ òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn ní Oxford, òmíràn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń takora. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ọ̀rọ̀ wọn jọ síbí, tí mo sì sọ èyí tí mo gbà àti èyí tí n kò gbà.

Àwọn baba wa mọ kòkòrò lórúkọ. Ikán kì í ṣe èsúnsún lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀gán kan náà ni wọ́n ti ń jáde; ẹlẹ́ńgà kì í ṣe ìrẹ̀. Eérú ni wọ́n ń bù sórí ewé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣa ìdin. Kòkòrò kan tiẹ̀ wà tí wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n pè é lọ́tàá tàbí lọ́rẹ̀ẹ́: Anaphe, tó máa ń jẹ ewé igi, irú bí arère, títí yóò fi kù ní òfo, tó sì tún máa ń hun ilé òwú tí a fi ń ṣe sányán. Àwọn kan ń sun ìdin rẹ̀ jẹ. Ní 1993, nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet, wọ́n so jíjẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà òjò ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òwe wa ní ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ wà. Òótọ́ ni òwe yìí fún gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí. Fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1970, kì í ṣe òótọ́ mọ́, nítorí òkèèrè ni àwọn kòkòrò náà ti wá.

Ọdún 1887 ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Ọdún kan náà ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Druce fi orúkọ Moloney sọ ọ̀kan lára àwọn labalábá òru sányán, moloneyi. Lẹ́yìn èyí, A. D. Peacock kọ àkójọ àwọn kòkòrò aṣèbàjẹ́ Gúúsù Nàìjíríà jáde ní 1913, F. D. Golding sì kọ tirẹ̀ lórí irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn ní 1946. Iṣẹ́ gidi ni méjèèjì, àmọ́ ohun tó ń wọ ọkọ̀ òkun ló jẹ àwọn òyìnbó lógún: kòkó, òwú, gẹdú. Àwọn fúnra wọn gbin igi ibòòji yí ilé ìjọba ká, síbẹ̀ wọn kò kọ nǹkan tó pọ̀ nípa ohun tó ń jẹ ẹ́. Láti àkókò wọn ni a ti jogún àṣà kíkun ìdí igi ní ẹfun funfun. Ó dára lójú, ó sì lè dín oòrùn kù lára èèpo igi. Pé ó ń lé kòkòrò? N kò ní fi àkókò ẹ̀yin òǹkàwé ṣòfò lórí ìyẹn.

Lórí igi igbó, H. Roberts ló yẹ kí a gbà gbọ́. Ìwé rẹ̀ lórí kòkòrò inú igbó Nàìjíríà jáde ní Oxford ní 1969. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni Phytolyma, kòkòrò tíńtín tó ń sọ ọ̀mùnú ìrókò di kókó. Bí kókó náà bá là, ọ̀mùnú á jẹrà, igi kékeré náà á sì kú. Ọ̀kan lára ìdí tí ìrókò tí a fọwọ́ gbìn kì í fi í dàgbà wẹ́rẹ́ bí tíìkì nìyí. Irú mélòó ni Phytolyma jẹ́? Wọ́n jà lé e lórí títí Hollis fi tún gbogbo ẹbí náà tò ní 1973. Ètò rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé.

Ẹlẹ́ńgà tó ń jẹ òdòdó ọgbà ní tirẹ̀, Zonocerus, kò ṣòro mọ̀: dúdú, pupa rúsúrúsú àti aláwọ̀ ìyeyè ni, ó sì máa ń rọra rìn bíi pé kò bẹ̀rù ẹyẹ. Májèlé tó wà lára rẹ̀ ló fi ń ṣe fáàrí. Àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ lé e lórí ní gúúsù Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 rí i pé ojú kan ni àwọn abo ti máa ń kóra jọ yé ẹyin sínú ilẹ̀, lábẹ́ ibòòji igbó kéékèèké. Ẹni tó bá mọ ojú ibẹ̀ lè fi ọkọ́ hú ẹyin náà síta kí oòrùn pa á, kò sì ní nílò oògùn kankan. Àwọn kan ní igbó Akíntọ́lá, ewéko àjèjì tó wọ orílẹ̀-èdè wa ní nǹkan bíi 1937, ló mú kí ẹlẹ́ńgà pọ̀. Àwọn mìíràn ní oko tí a ń ṣán ló fà á. Èmi gbà pé igbó náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí òdòdó rẹ̀ máa ń fa ẹlẹ́ńgà mọ́ra, abẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń yé sí.

Nísinsìnyí, kí a dé orí ewé dúdú yẹn.

Ẹ̀gẹ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, kòkòrò kan tó funfun bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e lára yọ lórí ẹ̀gẹ́ ní Kóńgò. Matile-Ferrero sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti ní 1977. Nítorí pé Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà sí. Wọ́n rí kòkòrò oníyẹ̀fun lórí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n kó ọ̀tá rẹ̀ wálé, àwọn ọ̀tá náà kò sì fẹnu kan tiwa. Kòkòrò mìíràn ni wọ́n mú: èyí tí wọ́n rí lọ́hùn-ún ní akọ àti abo, tiwa sì jẹ́ abo nìkan, tó ń bímọ láìrí akọ. Ọdún 1981 ni Anthony Bellotti rí èyí tó jẹ́ tiwa gan-an ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n kékeré kan tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni agbọ́n náà ti jẹ́ nínú ìwé: Epidinocarsis, Apoanagyrus, Anagyrus lopezi. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Láti 1981 sí 1982, àwọn ará iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta wa níbí. Láàárín ọdún mẹ́ta ó ti tàn ká ilẹ̀ tó ju 200,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. N kò rí àmì kankan láàárín ìlú tó ń rántí pé Abẹ́òkúta wà lára ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Máńgòrò ló kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kòkòrò oníyẹ̀fun mìíràn yọ ní Tógò àti Gánà. Ta ló kọ́kọ́ rí i nínú àwọn méjèèjì? Ìyẹn kò gba ìwé lọ́wọ́ mi. Orúkọ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Rastrococcus spinosus, orúkọ ẹbí rẹ̀ kan ní Éṣíà. Ọdún 1986 ni D. J. Williams ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni, tó sì sọ ọ́ ní Rastrococcus invadens. Ẹ̀yìn ewé ló máa ń tò sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé, ó sì ń fa omi ara igi mu. Ohun tó bá ṣẹ́kù á jáde lára rẹ̀ bí omi ṣúgà, á kán sórí ewé tó wà nísàlẹ̀, èbu dúdú á sì hù lé e. Ẹ fi èékánná họ ọ́: á ṣí bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewé tútù á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Èéfín kọ́ o. Máńgòrò nìkan kọ́ ló ń jẹ: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ ìgboro àti fìráńgípánì iwájú ilé wà lára oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ibòòji wọn lulẹ̀.

Lẹ́yìn tí orúkọ ti dájú, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ó lọ. Íńdíà ni wọ́n ti mú agbọ́n Gyranusoidea tebygi wá. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987, ní Benin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1991, wọ́n fi agbọ́n kejì, Anagyrus mangicola, kún un. Àwọn kan sọ pé èkejì kò pọn dandan. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà níwá-lẹ́yìn, mo sì gbà pé àwọn tó mú un wá jàre: lóko, ti àkọ́kọ́ tó, àmọ́ láàárín ìlú, àwọn igi kan ṣì ń kún fún kòkòrò. Èèrà wà lára ohun tó ń fà á, nítorí ó máa ń ṣọ́ kòkòrò oníyẹ̀fun bí Fúlàní ṣe ń ṣọ́ màlúù, kó lè máa lá omi ṣúgà rẹ̀. Bí agbọ́n bá sún mọ́ ọn, èèrà á lé e. Ní 2002, Bokonon-Ganta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò èrè rẹ̀ fún Benin nìkan: mílíọ̀nù 531 dọ́là láàárín ogún ọdún, nígbà tí gbogbo iṣẹ́ náà kò gbà ju mílíọ̀nù 3.66 dọ́là lọ. N kò mọ oògùn fífín kankan tó pa irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé.

Àwọn tó dé lẹ́yìn náà kò ní ìtàn tó gùn. Eṣinṣin funfun Aleurodicus, tó ń fi ìda ya ìlà róbótó lábẹ́ ewé fúrúùtù, wọ Nàìjíríà ní 1992. Agbọ́n tirẹ̀ tọ̀ ọ́ wá fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Kòkòrò oníyẹ̀fun ìbẹ́pẹ dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bíi 2009 sí 2010, ó sì ń jẹ háíbísíkọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ní 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré oògùn díkílófọ́ọ̀sì mọ́, èyí tí kò ju 100 mílílítà lọ, síbẹ̀ ọ̀tápíápíá ṣì ń rìn káàkiri. Oògùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara kòkòrò tó fi ìda bora. Agbọ́n tó ń pa kòkòrò ló máa ń tètè pa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Òkè-Ìlewó àti Ìbarà, kí ẹ tó pe ẹni tó ní páǹpù, ẹ já ewé kan, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí kò bá yé yín, ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìdáàbòbò irúgbìn ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ FUNAAB, lójú ọ̀nà Àlàbàtà.