Ìdúró Láàárín Gíà Méjì: Etí Awakọ̀ Nínú Ìtàn Ọ̀nà Ìlọrin

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa gíà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ wa ni láti wá ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ kàn níbikíbi tí ó bá fara pamọ́ sí. Ọ̀kan nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní etí àwọn àgbà awakọ̀ tí wọ́n ti fi lórì kó ẹrù wá sí ọjà bí Ìpàtà ní Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dùn ọkàn kan tí àwọn tí ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eléré sísá, tí a ń fi ọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀, máa ń sọ lóde òní. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, tí àwọn sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti bọ́ sí gíà òkè, ẹ́ńjìnnì kì í tètè rọlẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun kan ti bàjẹ́ lóòótọ́: afẹ́fẹ́ lè máa gba ibi tí kò yẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì, tàbí kí okùn irin tí ń fa iná há. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí díẹ̀ sí i, kí èéfín olóró tí ó ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde lè dínkù. Lójú wọn, àbùkù ni ìdúró yìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdúró kan náà ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀ nígbà kan rí.

Ìtàn tí a kọ sílẹ̀ fún wa ní ọdún. Ní 1906 ni a ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ní 1908 ni rélùwéè dé Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé lórì Bedford jáde. Òun àti irú rẹ̀ ni àwọn káfíńtà wa kan pákó lé lórí, tí a fi ń kó èrò àti ẹrù, tí a sì sọ ní bọ̀lẹ̀kájà. Ìpàtà, ọjà tí a mọ̀ mọ́ ẹran àti ohun jíjẹ, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń bọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ka ọ̀nà àti ọkọ̀ kò sọ bí a ti ń wa ọkọ̀ náà.

Kí ni ìṣòro ibẹ̀? Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí gíà sì mú kí ó máa yí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ kí ọ̀pá tí ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀pá náà ń yí ní ìgbà 2,000. Bí a bá fẹ́ bọ́ sí gíà òkè tí àwọn méjèèjì ti ń yí dọ́gba, ẹ́ńjìnnì ní láti wálẹ̀ sí 2,000. Nínú ọ̀pọ̀ lórì àtijọ́, kò sí ohun tí ń bá awakọ̀ ṣe é. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò yọ gíà sí fíríì, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, yóò sì dúró. Kẹ̀kẹ́ irin wúwo tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ó tètè rọlẹ̀. Bí lórì bá sì ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, òun náà ń pàdánù eré rẹ̀ bí awakọ̀ ti ń dúró. Nígbà tí ó bá tó àkókò ni yóò tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí yóò sì ki gíà bọ̀ ọ́.

Báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó? Ọ̀pọ̀ lórì ìgbà náà kò ní aago tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Ohùn ni aago. Awakọ̀ mọ ibi tí ohùn náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí àyàn ti mọ ibi tí yóò fún ọṣán dé kí ọ̀rọ̀ tó yé ni. Bí ó bá kánjú, eyín irin yóò máa gbo ara wọn. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì ti rọlẹ̀ kọjá ààlà, gíà yóò sì tún kọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ ti awakọ̀ yìí ní ìwọ̀n. N kò sọ pé nítorí èdè wa jẹ́ èdè olóhùn ni awakọ̀ wa fi mọ̀ ọ́n: awakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé inú ohùn ni ìmọ̀ náà ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ sì ti ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awakọ̀ tí ó bá fẹ́ padà sí gíà ìsàlẹ̀ ní láti wà ní fíríì, kí ó tẹ iná díẹ̀ láti gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ó tó ki gíà. Bí ó bá ṣì í, lórì wà ní fíríì pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Búrékì nìkan ni ó kù, búrékì tí ó bá sì gbóná jù kì í mú mọ́.

Ní 1928 ni ọkọ̀ Cadillac ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń mú kí eyín gíà yí dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Ó pẹ́ kí irú rẹ̀ tó kárí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná ní 1975, gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó fi ń lọ síwájú ni ó ní in. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ tuntun ti ń rọ́pò ti àtijọ́, ọwọ́ òsì fi iṣẹ́ gíà lé ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́. Ìyípadà ti ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn rí. Ti etí kò ní ọjọ́ tí a lè tọ́ka sí: òrùka irin gba iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wá dá sí i.

Ìdúró náà kò tíì parẹ́, nítorí irin tí ń yí kò lè ṣàì gba àkókò kí ó tó rọlẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ ni ó yí padà. Nígbà kan awakọ̀ ni. Lónìí, inú ẹ̀rọ ni ìdí náà wà, ẹni tí ó sì jókòó sídìí ọkọ̀ ń béèrè ohun tí ó bàjẹ́.

Eré The Road tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí ó jáde ní 1965, ti fi ikú ojú ọ̀nà àti ayé àwọn awakọ̀ sínú ìwé fún wa. Ohun tí a kò tíì kọ tó ni ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi yẹ ikú náà sílẹ̀. Nítorí náà ni mo fi ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé bí wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ oníjàlá àti onírárà lọ, kí wọ́n gbé e lọ sí gáréèjì pẹ̀lú. Kí wọ́n bi àwọn àgbà awakọ̀ tí ó ṣẹ́kù léèrè ohun tí wọ́n ń gbọ́ láàárín gíà méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀nà kò ní sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn wọn.